Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Ẹ̀kọ́ Fífẹ́ràn Ọ̀tá

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Olúwa wa Jésù Kristi kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ lórí òkè, kò sí èyí tí ó ṣòro fún ọmọ ènìyàn bí èyí tí ó ní kí a fẹ́ràn ẹni tí ó kórìíra wa, kí a sì máa wá ire ẹni tí ń wá ibi wa. Ó rọrùn láti kọ́ ọ sórí ní kíláàsì Ìmọ̀ Bíbélì. Ó rọrùn láti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, kí olùkọ́ sì fún wa ní máàkì lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀tá bá ní orúkọ, tí a mọ ilé rẹ̀, tí a sì mọ iye ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa, ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Àpẹ́tẹ́ yìí, a kò fẹ́ wàásù fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí bí ẹni tí ó dúró lórí àga ìwàásù. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ìtàn ẹni tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá ló fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ń gbé tàbí tí wọ́n ń bá díje ní pápá eré ìdárayá. Bí a bá dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rántí ni pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ayé rẹ̀ tí a kì í sábà tẹnu mọ́: ìgbà mélòó ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, àti ohun tí ó fi san án.

Òṣógùn ni wọ́n ti bí Àjàyí, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa yìí, ní nǹkan bí ọdún 1809. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ náà ni òun pẹ̀lú ìbá sì jogún. Áfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ìyá ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́, ogun dé sí Òṣógùn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i: kì í ṣe àjèjì láti òkè òkun ni ó kó ìlú náà. Àwọn Mùsùlùmí láti inú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn Fúlàní àti àwọn ẹrú tí ó ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn, ni ó para pọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà. Àwọn tí ó ń sọ èdè Àjàyí pọ̀ nínú àwọn tí ó dá iná sí ilé bàbá rẹ̀.

Bàbá sáré wọlé wá kìlọ̀ fún aya àti àwọn ọmọ, ó sì tún jáde lọ sójú ìjà. Àjàyí kò tún bá bàbá rẹ̀ gbé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá gbé ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́wàá, ó ń fa àwọn yòókù sáré, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí ojú ọ̀nà inú igbó, ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Okùn ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́ra ní ọrùn bí ẹran tí a ń dà lọ sọ́jà. Ọmọdékùnrin ọlọ́dún méjìlá tàbí mẹ́tàlá bojú wẹ̀yìn, ó rí èéfín ìlú rẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ọjà ni ó dà. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin kan. Nígbà tí pàṣípààrọ̀ náà kò wọ̀ mọ́, wọ́n dá a padà. Ó rí ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ìlú Dada, wọ́n sì tún yà wọ́n. Ó ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti òmíràn, wọ́n fi ọtí àti tábà rà á, títí tí ìrònú fi mú un débi pé ó gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó ní ìgboyà láti ṣe é. Níkẹyìn, ó dé Èkó, ó sì di ti oníṣòwò Potogí kan.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn mìíràn sínú ọkọ̀ Potogí kan tí ń jẹ́ Esperanza Felix. Ọkọ̀ náà kò jìnnà sí èbúté. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbá a mú. Wọ́n kó Àjàyí bọ́ sínú Myrmidon. Níbẹ̀ ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọdé sábà máa ń fò kọjá.

Wọ́n kó Potogí tí ó rà á wá sínú ọkọ̀ ogun kan náà, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lára. Ẹni tí ó jẹ́ olówó lánàá ti di òǹdè lónìí. Àjàyí mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin náà kò lè tẹ òun mọ́. Ó súnmọ́ ọn, ó sì lù ú ní orí, lójú ọmọ rẹ̀.

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Nínú gbogbo ìwà ipá tí a hù sí ọmọ yìí láti òwúrọ̀ ọjọ́ Òṣógùn, ìkúùkù kan ṣoṣo yìí ni ó rí san padà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni, ìtàn náà ni yóò máa fi yangàn títí ọjọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1837, nígbà tí Crowther kọ̀wé láti Fourah Bay sí akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S., tí ó sì ń ròyìn bí a ṣe kó o lẹ́rú, ó mẹ́nu kan ìkúùkù náà, ó sì pè é ní ìwà búburú tí kò ní àánú nínú. Kò sí ẹni tí ó bi í. Kò sí ẹni tí ì bá mọ̀ bí kò bá sọ. Ọdún 15 ni ó wà láàárín ìkúùkù náà àti ìwé náà. Gbogbo ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ Kristẹni ṣe nínú ọmọ ènìyàn, inú ọdún 15 yẹn ni ó wà.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1822, wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró. Wọ́n mú Àjàyí lọ sí abúlé Bathurst. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè, tí àwọ̀ wọn sì jọ ti Potogí tí ó rà á, gbà á sílé, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì fi ìwé lé e lọ́wọ́. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Lẹ́yìn náà, ó gbé Asano níyàwó, ọmọbìnrin tí a ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí ó sì di Susan.

A gbà pé inú àwọn ọdún wọ̀nyí ni ojú rẹ̀ ti là sí ohun kan: pé òun fúnra òun jẹ́ ẹni tí a ṣàánú fún láìtọ́ sí i. Ẹni tí ó bá ti rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún lè wo òǹdè nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kí ó rí kìkì ọ̀tá. Yóò rí ọmọ ọkùnrin tí ó dúró tì í, tí ń wo bí a ṣe ń lu bàbá rẹ̀. Àjàyí pàápàá ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ní Òṣógùn.

Àwọn kan lè sọ pé ó rọrùn láti ronú pìwà dà nípa ìkúùkù kan nígbà tí a bá ti jìnnà sí ọ̀tá. Òdodo ni. Nítorí náà ni a kò ṣe dúró ní Sàró. Ní ọdún 1841, ó bá ìrìn-àjò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ sórí Odò Ọya, ìrìn-àjò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kú sí. Ní ọdún 1843, wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di àlùfáà. Ibo ni ó wá padà sí? Ilẹ̀ tí ó tà á ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, èbúté tí a ti ń ta ẹrú. Láàárín àwọn tí ń ṣe òwò náà ni ó ti ń wàásù, ó sì ń kí wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n wò, ó ń kọ́ ọmọ wọn.

Ní ọdún 1846, ó dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, Áfàlá ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, ó sì wá. Nǹkan bí ọdún 25 ti kọjá. Ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ìyà ti mú gbẹ. Ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848 ni Áfàlá ṣe ìrìbọmi, ó sì gba orúkọ Hannah, ìyá Samuẹli nínú Bíbélì. Ẹni tí ó bá mọ bí ọjọ́ ìpàdé náà ti dùn tó yóò mọ bí ọdún 25 tí a jí gbé náà ti korò tó. Bí Crowther bá fẹ́ kórìíra, ìdí rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń pè é ní ọmọ mi.

Ohun tí ó yàn láti ṣe ni pé ó jókòó ti ìwé. Ní ọdún 1850, ìtumọ̀ rẹ̀ ti Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní èdè Yorùbá, ó wà lára àwọn ìwé Bíbélì tí ó kọ́kọ́ jáde ní èdè wa. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú orí kejìlá ìwé náà: pé kí a má fi búburú san búburú, kí a fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kí a sì fún ọ̀tá ní oúnjẹ bí ebi bá ń pa á. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó lè di Yorùbá, ọkùnrin tí a so okùn mọ́ lọ́rùn ní Òṣógùn ní láti wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó gbé e sórí ìwé. Èdè wo ni ó sì fi kọ ọ́? Èdè tí àwọn tí ó jó Òṣógùn fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ wọn àti ọmọ-ọmọ wọn lè kà á. Nígbà tí odindi Bíbélì parí ní ọdún 1884, ẹ̀bùn tí ó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni fi fún àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún náà ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n tà jáde.

A gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé fífẹ́ràn ọ̀tá ni kí a máa fi ojú fo ibi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Crowther wà ní Ìlú Ọba, ó rí Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sì rí àwọn aláṣẹ ìjọba. Ó ṣàlàyé fún wọn bí òwò ẹrú ti ń lọ ní Èkó, ó sì fẹ́ kí a fòpin sí i. Ní oṣù kejìlá, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí ogun náà àti ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá níbẹ̀, ìjiyàn náà sì tọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, Èkó sì bọ́ sábẹ́ wọn pátápátá ní ọdún 1861. A kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn kedere: Crowther kò fi ìdáríjì pe òwò ẹrú ní ohun rere. Ó lè dárí ji olè, kí ó sì tún ti ilẹ̀kùn mọ́ olè, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní ilé ìjọsìn àgbà ti Canterbury, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn, akọ̀wé C.M.S., ni ó rọ̀ ọ́ títí tí ó fi gbà. Townsend tí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì kò fẹ́ kí a fi aláwọ̀ dúdú ṣe olórí lórí òyìnbó, ó sì ti sọ èrò rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n pín agbègbè, wọ́n yọ àwọn ibùdó tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ́ Yorùbá kò ní àṣẹ lórí Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àṣẹ lórí Ìbàdàn. Ó gba ohun tí wọ́n fún un, ó sì kọjú sí Odò Ọya.

Lórí odò náà ni ó ti bá àwọn Mùsùlùmí pàdé lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ rántí àwọn tí ó kó Òṣógùn. Bí ó bá sọ wọ́n di ọ̀tá títí láé, ta ni yóò yà lẹ́nu? Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni ó fi ń bá wọn lò. Ó ti kọ́ nínú ìrírí pé àríyànjiyàn kì í yí ọkàn padà, pé kí a bú ẹ̀sìn ẹlòmíràn kò kọ́ ilé kankan. Bí wọ́n bá bi í léèrè, ìdáhùn inú Ìwé Mímọ́ ni ó máa ń fi fún wọn pẹ̀lú sùúrù. Ó dé Ìlọrin, ó jókòó ní ààfin, ó sì dáhùn ìbéèrè àwọn ìmáàmù àti ìjòyè. Masaba, ọba Nupe, tí òun pàápàá jẹ́ Mùsùlùmí Fúlàní, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Crowther kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ rárá; ohun tí ó wá bá wọn sọ gan-an ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn san gbèsè tí ẹlòmíràn jẹ ní ọdún 1821.

Ní ọdún 1867, ó tún bọ́ sí ìgbèkùn. Ìjòyè kan ní agbègbè Ìdá, tí ń jẹ́ Abokko, tí ó rò pé wọ́n ti ṣẹ́ òun ní ẹ̀tọ́, mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson, ó sì ń béèrè owó ìràpadà tó pọ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́jà, wá gbà wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń sá lọ sínú ọkọ̀, ọfà olóró bá Fell, ó sì kú. Ọkùnrin tí ó ti di ẹrú ní ọmọdé tún di òǹdè lágbà, ọ̀rẹ́ sì kú nítorí rẹ̀. Ibùdó Ìdá kò lè tẹ̀síwájú mọ́, ṣùgbọ́n Crowther kò fi Odò Ọya sílẹ̀. Ó ń bá a lọ láti máa gòkè, láti máa sọ̀ kalẹ̀ lórí odò náà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún sí i.

A ti dé apá tí ó le jù lọ nínú ìtàn yìí. Ìjà ọ̀tá láti ìta ń dunni, ṣùgbọ́n ti inú ilé ń gún ọkàn. Nígbà tí Venn ti kú, tí Crowther sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, C.M.S. rán àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan wá sí Odò Ọya. Wọ́n ní ìtara, wọ́n ní ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé àléébù wà nínú iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe kọjá àtúnṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Oníṣà, nínú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ètò owó, lójú bàbá arúgbó náà tí ó jẹ́ alága, wọ́n dá àwọn àlùfáà àti olùkọ́ aláwọ̀ dúdú dúró lẹ́nu iṣẹ́. Dandeson ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ áṣídíákónì, wà lára wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́ bíṣọ́ọ̀bù.

Kí ni ó ṣe? Kò dákẹ́ bí ẹni tí kò ní ẹnu. Ó tako ohun tí wọ́n ṣe, ó sì fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó dúró ti àwọn tí a fìyà jẹ. Nígbà tí àwọn ìjọ ní agbègbè Bonny fẹ́ dá dúró lórí owó ara wọn, ó tì wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní Èkó àti ní etí odò, inú ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ó bá sì ti sọ ọ̀rọ̀ kan, ìjọ ì bá ya sí méjì. Kò sọ ọ̀rọ̀ náà. Inú ìjọ tí ó ti ṣe ìrìbọmi fún un ni ó dúró sí, ní ìdàpọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́, títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 tí ó fi ayé sílẹ̀ ní Èkó.

Wọ́n fi òyìnbó sí ipò rẹ̀. Nǹkan bí 60 ọdún kọjá kí wọ́n tó tún fi agbègbè bíṣọ́ọ̀bù lé aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Ní ìlú wa níhìn-ín, ọdún 1952 ni A. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀, di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn àkọ́kọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí 150 ọdún tí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, Justin Welby, dúró nínú ilé ìjọsìn kan náà, ó sì tọrọ àforíjì fún bí ìjọ ṣe dalẹ̀ Crowther. Ọdún 123 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àforíjì náà dé. Ẹni tí ó bá ń dúró de àforíjì kí ó tó dárí jì lè dúró títí dé ibojì. Crowther kò dúró.

Àwọn kan wà tí ó ka èyí sí àìlera. Wọ́n ní ì bá ti jà, ì bá ti fà á ya. A kò ka ìbéèrè wọn sí ìbéèrè òmùgọ̀, nítorí ìwà ìrẹ̀lẹ̀ àwọn ẹni rere ti ràn ọ̀pọ̀ aninilára lọ́wọ́. Ìdáhùn wa ni pé kí wọ́n wo ìgbésí ayé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ nítorí ìbànújẹ́ ní ọmọdé, tí ó sì lu òǹdè ní orí nígbà tí ààyè ṣí, mọ bí ìbínú ṣe ń dunni. Kì í ṣe ẹni tí kò lè bínú ni. Ó jẹ́ ẹni tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí ìbínú yan iṣẹ́ fún òun. Ó tako òwò ẹrú, ó tako ìgbìmọ̀ Oníṣà, ó sì fẹ́ràn àwọn ènìyàn tí ó wà nínú méjèèjì. Àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń rántí ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Crowther rántí, ó tilẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ó rí ẹni bá ṣeré.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ni èyí jẹ́ sí àwa tí ó mọ Àpẹ́tẹ́? A ń gbé níbi tí mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti jọ ń lo ògiri kan, tí ẹni tí ó ra ilẹ̀ àti ẹni tí ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni ti jọ ń lo òpópónà kan. Ẹjọ́ ilẹ̀ wà láàárín wa. Àwọn ọmọ ìyá kan wà tí wọn kì í kí ara wọn nítorí ogún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wà tí wọn kì í wá sí ìpàdé nítorí pé ẹnì kan yóò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ìkún omi ńlá kọlu Ìbàdàn tí ó sì wó afárá Àpẹ́tẹ́. Ní ọjọ́ náà, a rí i pé bí afárá bá wó, ẹni tí ó wà ní òkè odò àti ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ìyà jọ ń jẹ. Ìkùnsínú rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a yàn lódì kò lè rékọjá wá sọ́dọ̀ wa, àwa pẹ̀lú kò lè rékọjá lọ sí ibi tí Ọlọ́run rán wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó tóbi jù. Ẹni tí a kò kí láti ọdún tí ó kọjá, ẹ jẹ́ kí a kí i. Bí ọmọ ẹni tí a jọ ń ṣẹjọ́ bá ń wá ìrànlọ́wọ́ owó ilé-ìwé, tí a sì ní, ẹ jẹ́ kí a fún un, kí ẹjọ́ náà sì máa bá tirẹ̀ lọ ní kóòtù. Nígbà tí a bá ń gbàdúrà alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ kí a dárúkọ ẹni tí ó ṣẹ̀ wá fún rere. Ọmọ a máa kọ́ ìkórìíra nílé kí ó tó kọ́ ọ níta, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè kọ́ ìfẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn àna Crowther, T. B. Macaulay, ni ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859, ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà tí ó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíràmà ti Kristẹni, títí kan tiwa, wà lórí ọ̀nà tí ilé náà là sílẹ̀. Bí àwọn ọmọ tí ó jáde níbẹ̀ bá mọ ìwé tán tí wọn kò mọ bí a ṣe ń dárí jì, a jẹ́ pé ìdajì ogún náà ni a fún wọn.

Kí Ọlọ́run tí ó ń mú oòrùn rẹ̀ ràn sórí àgbàlá wa àti sórí àgbàlá ẹni tí a ń bá jà fún ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún púpọ̀ sí i. Kí ó fún àwọn olùkọ́ ní ọgbọ́n, kí ó fún àwọn òbí ní sùúrù, kí ó sì fún àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ní oore-ọ̀fẹ́ láti rékọjá afárá náà kí ilẹ̀ ọjọ́ wa tó ṣú. Àmín.